Sálúbàtà Rẹ Ṣì Wà Lórí Ìlà

Mirapalapadu,
Ojú ọ̀nà Guntur,
Ìgbà tí a ń sá ata.

Sravanthi ọmọ mi, ìwọ tí mo bí tí o tún wá di ìyá fún mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú àìrójú. Dallas ńkọ́? Ṣé ara le, ṣé ò ń jẹun, àbí búrẹ́dì yẹn náà lo ṣì ń jẹ láàárọ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe? Kí Olúwa tó ń gbé orí òkè méje máa ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ní ìdìde, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ, kí kọ̀ǹpútà rẹ má kú, kí ọ̀gá rẹ máa fi inú dídùn jí lójoojúmọ́. Tí o bá béèrè wa, a wà. Ìyá rẹ wà, èmi náà wà, ẹfọ̀n wa ti bí abo, a ò sì tíì sọ ọ́ lórúkọ nítorí ìyá rẹ ní ìwọ ni kó o sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Bàbá ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Bí mo bá gbé fóònù, kí n tó kí ọ tán, ìyá rẹ á ti já a gbà, á gbé e sórí ìkòkò kí o lè rí ohun tó ń sè, ìgbà tó bá sì fi padà sọ́wọ́ mi, ooru ọbẹ̀ á ti bo ojú rẹ̀, màá kàn máa bá kùrukùru sọ̀rọ̀ ni. Èyí tó tún wá burú jù ni pé mo gbọ́ pé àwọn tó ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà ti ń yẹ ohun tí èèyàn ń sọ lórí fóònù wò. Mo ní ó tán. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, orí ìwé ló máa gbé. Ìwé kì í tú àṣírí, àfi bí alálẹ́tà wa bá tú u, ojú tòun náà kò sì ríran dáadáa mọ́.

Ata ọdún yìí pupa, ó dùn ún wò. A ti sá a sí ìta títí dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo abúlé ló ń sín. Ẹ̀rọ tó ń fa omi nínú kànga oko jóná lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò béèrè owó o. Mo kàn ń sọ fún ọ pé ó jóná ni, èéfín rẹ̀ sì dúdú gan-an.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ló jẹ́ kí n mú bírò. Ó ti rù. Láti ìgbà òjò ni kò ti lè rìn kọjá ẹnu ọ̀nà, dókítà ní Guntur sì sọ fún mi pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, pé kí a máa fún un ní ohunkóhun tó bá ní òun fẹ́ jẹ. Bí dókítà bá ti sọ irú èyí, àgbà mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló fẹ́ jẹ, ó ní òun kò fẹ́ jẹ nǹkan kan, ìwọ ni òun fẹ́ rí. Ìwọ náà mọ̀ pé nígbà tí èmi àti ìyá rẹ ń sùn sóko owú, ẹ̀yìn rẹ̀ lo dàgbà sí, òun ló ń di irun rẹ lọ síléèwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú pé kí o wá kí i.

O bú sẹ́kún. O ní Bàbá, tí mo bá jáde kúrò níbí, àfi kí n gba òǹtẹ̀ tuntun kí n tó padà wọlé, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa fún mi. O ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ lọ sin baba rẹ̀, ó di ẹni tó ń jókòó sí Hyderabad, níbi tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ náà, láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi dé, kó tó gba òǹtẹ̀, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sórí àga rẹ̀. O ní àfi bí káàdì aláwọ̀ ewé bá jáde ni ọkàn rẹ tó lè balẹ̀ láti máa lọ máa bọ̀. Mo bi ọ́ pé ìgbà wo ni káàdì náà máa jáde. O rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò dùn mọ́ mi létí, ọmọ mi. Mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà.

Mo wá ro ó pé ta ló mọ̀ nípa káàdì ju Kotaiah tó ń pín ìrẹsì ìjọba fún wa lọ? Mo lọ bá a. Mo ní Kotaiah, ọ̀rọ̀ káàdì aláwọ̀ ewé ńkọ́? Ó gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀, ó ronú, ó ní Pitchaiah, káàdì funfun ni tàwọn aláìní, káàdì píńkì ni ti ẹni tó ní díẹ̀ lọ́wọ́, èyí aláwọ̀ ewé kò dé ọ̀dọ̀ òun rí, ó ní láti jẹ́ pé àwọn tó wà lókè ló ń jẹ ẹ́ tán kó tó dé abúlé. Ó wá ní ṣé ojú kò tì mí, ọmọ mi wà ní Amẹ́ríkà, èmi ń gba ìrẹsì ìjọba. Mo ní ojú kì yóò tì mí, ọmọ ń tò níbẹ̀, bàbá ń tò níbí, iṣẹ́ ìdílé wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn o, kí ni wọ́n ń pín fún yín lórí káàdì náà, ṣé ìrẹsì ni àbí àlìkámà? Tó bá jẹ́ ìrẹsì ni, má da ara rẹ láàmú mọ́, ìrẹsì wà nílé.

Ibẹ̀ ni mo gbà lọ sí ọ́fíìsì abúlé lọ́dọ̀ Bhargavi, ọmọbìnrin akọ̀wé yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà ní New Jersey, káàdì kan náà ni òun náà ń dúró dè. Ó fún mi ní tíì, ó ní Bàbá, ẹ jókòó, kì í ṣe ti ìrẹsì. Ó ní káàdì pé kí wọ́n jẹ́ kí èèyàn máa gbé ibẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń béèrè òǹtẹ̀ ni. Ó ní àwọn tó mọṣẹ́ gan-an bíi tìrẹ ni wọ́n ń tò fún un, ṣùgbọ́n iye kan náà ni òfin fi ààlà sí fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, ìbáà tóbi bí òkun, ìbáà kéré bí agbada, ibi tí wọ́n sì bí èèyàn sí ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo bí orí rẹ̀ ṣe pé tó. Mo ní áà, ó yé mi. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń pín ọbẹ̀ níbi ìgbéyàwó, tí wọ́n wá gbé ìkòkò kọ̀ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan, ilé tí tọkọtaya nìkan ń gbé àti ilé tí èrò kún bámúbámú. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Bàbá, inú ilé tí èrò kún la sì bí wọn sí.

Inú mi bàjẹ́, nítorí ta ló bí ọ síbẹ̀ bí kò ṣe èmi? Ṣùgbọ́n orí mi kì í sùn. Mo rántí ọ̀gá iléèwé yín. Ọjọ́ tí mo mú ọ lọ forúkọ sílẹ̀, ó bi mí ní ọjọ́ ìbí rẹ, mo ní ọdún tí àgbàrá gbé afárá lọ ni, ó wo gíga rẹ, ó kọ ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà. Gbogbo kíláàsì yín pátá ló kọ ọ́ fún, ọjọ́ kan náà la bí odindi kíláàsì. Mo wá bi ara mi pé bí ọjọ́ bá lè yẹ̀, kí ló dé tí ibi kò ní yẹ̀? Mo fà mọ́ Bhargavi, mo ní kó bá mi kọ ọ́ pé Nepal la bí ọ sí, mo gbọ́ pé èrò tiwọn kò pọ̀. Irọ́ kọ́ náà ni pátápátá, nígbà tí ìyá rẹ lóyún rẹ, a lọ wẹ̀ nínú odò mímọ́ ní Kasi, Kasi kò sì jìnnà sí Nepal. Ọmọbìnrin náà gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́, kí wọ́n sì tún lé ọmọ yín níbẹ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ sí ẹlòmíràn létí. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má bínú, kó wá kọ ẹ̀bá Nepal, kó má wọ inú rẹ̀ tán. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Ohun kan ló bọ́ sọ́wọ́ ìyá rẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bhargavi ní bí ẹni tó ń tò bá fẹ́ ẹni tí wọ́n bí sí orílẹ̀-èdè míràn, àwọn méjèèjì lè bọ́ sórí ìlà tó kúrú. Háà! Ìwọ náà mọ ìyá rẹ. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá mú ọ̀rọ̀ ọkọ wá, á béèrè ìdílé, á béèrè ilẹ̀, á béèrè ìwé tó kà. Ní báyìí, ibi tí wọ́n ti bímọ ló kọ́kọ́ ń béèrè. Ó ti rí ìdílé kan ní Tenali tó jẹ́ pé Kuwait ni baba ti ń wakọ̀ nígbà tí wọ́n bí ọmọkùnrin náà síbẹ̀. Wọ́n ní orí ọmọ náà ti ń pá. Ìyá rẹ ní irun kò sí lára ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà ń wò.

Èmi fúnra mi gbọ̀nà tẹ́ńpìlì lọ. O sọ pé ọ̀gá rẹ, Ọ̀gbẹ́ni Lindqvist, ni ilé iṣẹ́ yín fi ń bá ọ gbé ìwé lọ síwájú ìjọba, pé bí wọ́n bá ní kí o máa lọ, ìwé náà á dẹnu kọlẹ̀. Mo ní ọkùnrin yẹn gbọ́dọ̀ ní ìlera. Àlùfáà béèrè ìdílé baba ńlá rẹ̀ àti ìràwọ̀ tí wọ́n bí i sí, kó lè fi pe orúkọ rẹ̀ síwájú Olúwa. Mo ní mi ò mọ ìràwọ̀ rẹ̀, ohun tí mo mọ̀ ni pé ó fẹ́ràn ajá. Àlùfáà mí kanlẹ̀, ó ní ẹni tí kò bá mọ ìdílé rẹ̀, ìdílé Kashyapa la máa ń kà á mọ́. Nítorí náà, bá mi sọ fún un pé ó ti ní ìdílé báyìí, kó máa fọkàn balẹ̀. Ọpẹ́ ni pé kì í ṣe ìdílé tiwa, torí ọmọ ìdílé kan náà kì í fẹ́ra wọn, bó bá ní ọmọkùnrin tí wọ́n bí síbẹ̀, ìyá rẹ ní kí n béèrè.

Má rò pé mò ń fi ọ̀rọ̀ rẹ ṣeré o. Ó ń dùn mí ni. O kàwé títí gíláàsì fi bo ojú rẹ, ìwọ lo ṣe ipò kìíní ní gbogbo agbègbè yìí, wọ́n dán ọ wò, wọ́n tún dán ọ wò, wọ́n ní o mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà wọ́n da orúkọ rẹ mọ́ ti àwọn yòókù bí ẹni ń ta lọ́tìrì lójú ọjà kí wọ́n tó fún ọ níwèé iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fa orúkọ ẹlòmíràn. Mi ò mọ iṣẹ́ tí ìwé kíkà ń ṣe níbẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n wá fa tìrẹ, a yọ̀, a pín àdídùn káàkiri abúlé, a rò pé o ti wọlé. A ò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ìta lásán lo wọ̀.

Ní báyìí, jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ìlà ìrẹsì.

Ìwọ náà kò lè gbàgbé bí a ti ń tò. Kotaiah kì í tètè ṣílẹ̀kùn, oòrùn ibẹ̀ sì le, kálukú á bọ́ sálúbàtà rẹ̀ kalẹ̀ lórí ìlà, á lọ jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò. Sálúbàtà ló ń tò, èèyàn ń sinmi. Bí ìlà bá ti sún, ẹni tó bá wà nítòsí á fẹsẹ̀ ti gbogbo rẹ̀ síwájú, ti ọ̀rẹ́ àti ti ọ̀tá, kò sẹ́ni tó ń jí ipò ẹnìkejì. Láti ìgbà tí o ti sọ fún wa pé o ti bọ́ sórí ìlà káàdì, ìyá àgbà ti wá sálúbàtà kékeré rẹ jáde, èyí olókùn búlúù tí o wọ̀ lọ síléèwé. Oṣooṣù ló ń gbé e lọ, tó ń tò ó síwájú tirẹ̀. Ó ní bí ọmọ òun bá ń dá tò lọ́hùn-ún, ó yẹ kí ẹnì kan máa bá a tò níbí. Láti ìgbà tí kò lè rìn mọ́, èmi ló ń gbé e fún. Wo èmi àgbàlagbà, sálúbàtà ọmọdé lábẹ́ abíyá. Mo ti gbà.

Lóṣù yìí, ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ìsàlẹ̀ odò tò sẹ́yìn wa. Ó rí sálúbàtà náà, ó ní ta ló ń fi bàtà ọmọdé gba ipò àgbà, ó sì fẹsẹ̀ gbá a sọnù sínú koríko. Ọmọ mi, gbogbo abẹ́ igi ló dìde. Àwọn obìnrin tó máa ń bá ìyá rẹ jà lẹ́nu kànga ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ní ṣé kò lójú ni, òmíràn ní kó lọ bi ìyá rẹ̀ bí wọ́n ti ń tò. Kotaiah fúnra rẹ̀ jáde wá, ó ní gbé e padà. Ó ní láti ọdún mẹ́fà ni ọmọ yẹn ti wà lórí ìlà, ìwọ tó dé láàárọ̀ yìí lo wá ń gbá a sọnù! Ọkùnrin náà wá sálúbàtà nínú koríko, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó dá a padà. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó dá a sí ibi tó wà. Ẹnì kan fẹsẹ̀ tì í síwájú, ẹni tó tẹ̀ lé e tún tì í, gbogbo wọn ń tì í kọjá tiwọn títí ó fi dé iwájú pátápátá, lẹ́nu ọ̀nà Kotaiah. Kotaiah wọn ìrẹsì díẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, ó dì í, ó ní kí n gbé e fún ìyá àgbà, kí n sọ fún un pé ìlà ti kan ọmọ rẹ̀.

Mo gbé e délé, mo sọ fún un. Ó dìde jókòó lórí ibùsùn. Ó ní ó ti kàn án? Ó ní ọmọ òun ti dé iwájú? Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé n kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo ní rárá ìyá mi, ìlà ti ibí ni, ti ọ̀hún kò tíì sún. Ó ní kí wọ́n bá òun se ìrẹsì náà. Ó jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú wàrà kíkan, ó lá ọwọ́ rẹ̀. Mi ò rí i kó jẹun tán bẹ́ẹ̀ láti ìgbà òjò.

Lọ́jọ́ kejì, mo padà sọ́dọ̀ Bhargavi. Mo ní ṣé kò sí èèyàn lẹ́yìn Sravanthi lórí ìlà náà? Ṣé kò lè bọ́ sálúbàtà kalẹ̀, kó ní ọ̀rẹ́, bá mi wò ó, mò ń lọ kí ìyá mi àgbà, mò ń bọ̀? Mo rò pé á fi mí ṣẹ̀sín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Bàbá, sálúbàtà kì í sọnù níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wàhálà wà, ẹni tó bá jáde lọ sábẹ́ igi, aṣọ́nà lè má tètè ṣílẹ̀kùn fún un kó padà wọlé. Ó ní nígbà tí ìyá àwọn kú, orí fóònù ni ẹ̀gbọ́n òun ti wo iná tí wọ́n fi sun ún. Ó wá kọjú sí fèrèsé. Mo fi ọwọ́ lé e lórí, mo jáde.

Ohun tó dùn mí nìyẹn. Kì í ṣe pé ìlà gùn. Ta ló mọ ìlà jù wá lọ? A tò fún ìrẹsì, a tò fún ajílẹ̀, a tò fún dókítà. Ṣùgbọ́n mi ò rí ìlà tí kò ní igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rí.

Mi ò mọ ohun tí mo máa ní kí o ṣe. Bí mo bá ní kí o wá, tí wọ́n sì tìlẹ̀kùn mọ́ ọ síta, èmi ni mo ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún rẹ jẹ́. Bí mo bá ní kí o má wá, ojú wo ni màá fi máa wo àkéte yẹn lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ mọ́? Nítorí náà mo bi òun fúnra rẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ sí ọ bí òun ṣe sọ ọ́, kí n má fi tèmi kún un. Ó ní òun náà wà lórí ìlà tòun. Ó ní òun ti bọ́ sálúbàtà òun kalẹ̀, òun jókòó sábẹ́ igi, òun ń dúró dè ọ́, òun kò sì kánjú rárá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan tí òun kò rí ń tì í síwájú díẹ̀díẹ̀.

Ó kù díẹ̀ tí a fẹ́ kí o fi ránṣẹ́. Ti ẹ̀rọ omi, mo ti sọ ọ́, mi ò ní tún un sọ, ó ṣáà ti jóná. Ìyá rẹ fẹ́ mọ̀ bóyá Ọ̀gbẹ́ni Lindqvist lè jẹ máńgòrò aláta tí òun rẹ sínú òróró, kí a dí ìgò kan fún un. Ìyá àgbà sì ní kí o fi ẹsẹ̀ rẹ lé orí ìwé, kí o fi bírò yí i ká, kí o fi ránṣẹ́. Ó ní sálúbàtà tó wà lórí ìlà ti kéré, ẹsẹ̀ ọmọdé ni, òun kò sì mọ bí ẹsẹ̀ rẹ ti tó báyìí. Òun fẹ́ kí oníbàtà gé èyí tó bá ọ mu.

Kí Olúwa bá ọ sún ìlà náà. Kí ẹni tó wà níwájú rẹ rí tirẹ̀ gbà, kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ jẹ́ ẹni rere. Kí aṣọ́nà ẹnu ọ̀nà ní ìyá àgbà nílé.

Mo fẹ́ fọwọ́ sí i, ìyá àgbà ní kò tíì parí. Ó ní o kò tíì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun gba ìre láti ọjọ́ tí o ti lọ, ìre òun sì ń di púpọ̀ lọ́wọ́ òun. Ìyá rẹ gbé e dìde, mo tẹ́ ìwé yìí sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé e, mo sì fi bírò yí i ká títí dé àtàǹpàkò. Yí ìwé padà, ọmọ mi. Fọwọ́ kàn án, kí o sì fi kan ojú rẹ. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ó ku tìrẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Pitchaiah.